Basilisk Mẹ́ta Lábẹ́ Orúkọ Kan: Ti Ìtàn Àtijọ́, Ti Géèmù àti Ti Inú Igbó, Èwo Ni Kí Ẹ Yàn?

Ẹni tí ó bá fẹ́ lo basilisk nínú iṣẹ́ rẹ̀, yálà ìtàn ni ó ń kọ, géèmù ni ó ń ṣètò, tàbí ọmọ ilé-ìwé ni ó ń kọ́ nípa ẹranko, ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀dá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń jẹ́ orúkọ náà. Èkíní ni ejò inú ìtàn àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù, èyí tí ó di àdàpọ̀ ejò àti àkùkọ ní Yúróòpù nígbà tó yá. Èkejì ni abàmì ẹranko inú géèmù, tí ojú rẹ̀ ń sọ akọni di òkúta. Ẹ̀kẹta ni alángbá gidi kan tí ń gbé ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, tí kò lóró rárá, ṣùgbọ́n tí ó ń sáré lórí omi bí ẹni ń sáré lórí ilẹ̀. “Ọba kékeré” ni orúkọ náà ní èdè Gíríìkì, nítorí ohun kan tó dà bí adé ní orí ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ.

Ohun tí mo ń rí ni pé àwọn ènìyàn máa ń mú ìwà ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ara èkejì: wọn a ya àwòrán alángbá, wọn a fún un ní oró ejò inú ìtàn àtijọ́, wọn a tún fi agbára inú géèmù kún un, lẹ́yìn náà ìtàn á dàrú, òǹkàwé kò sì ní mọ ohun tí yóò bẹ̀rù gan-an. Ìbéèrè méjì ni mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Báwo ni ó ṣe ń ṣe ènìyàn ní jàǹbá? Kí ni ó sì lè gba ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tí ó bá ti mọ ìdáhùn sí méjèèjì ti mọ èyí tí yóò yàn.

Bí wọ́n ṣe rí

Àkọsílẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń padà sí ni ti Pliny Àgbà, ọmọ ilẹ̀ Róòmù tí ó kú ní ọdún 79 nígbà tí òkè Vesuvius bú gbàmù. Nínú ìwé ńlá tí ó kọ nípa àwọn ẹ̀dá ayé, ó ní basilisk ń gbé ní Cyrenaica, èyí tí í ṣe ìlà-oòrùn ilẹ̀ Líbíà òde òní. Ó ní gígùn rẹ̀ kò ju ìbú ìka méjìlá lọ, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22. Ó ní àmì funfun kan wà lórí rẹ̀ bí adé, àti pé kì í wọ́ kiri bí àwọn ejò yòókù, ńṣe ni ó ń gbé àárín ara rẹ̀ sókè bí ó bá ń lọ. Ẹ fojú inú wò ó dáadáa. Ejò tí kò gùn tó ìdajì apá àgbàlagbà ni gbogbo ejò yòókù ń sá fún bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró ẹnu rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò gbà pé ó ṣeé ṣe kí ejò gidi kan, irú ẹbí sèbé, wà nídìí ìtàn náà, nítorí pé sèbé máa ń gbé orí àti àyà sókè, ó sì máa ń fẹ ọrùn. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Sèbé tí ń tu oró sí ènìyàn lójú láti òkèèrè wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà títí dé ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá sì ti gbọ́ ìròyìn àgbẹ̀ tí irú ejò bẹ́ẹ̀ tu oró sí lójú lóko kò ní yà á lẹ́nu pé àwọn ará Róòmù sọ pé ejò kan wà tí ń pani láì tíì kan ara ẹni.

Ní Yúróòpù, láti nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá, ara ejò kékeré yìí bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó ní orí àkùkọ pẹ̀lú ogbe rẹ̀, ó ní ìyẹ́ apá, ìrù ejò nìkan ni ó kù tí ó rán ènìyàn létí ibi tí ó ti wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pe irú èyí ní cockatrice, wọn a sì máa fi orúkọ méjèèjì rọ́pò ara wọn. Ulisse Aldrovandi, onímọ̀ ará Bologna ní Ítálì, tún ní àwòrán mìíràn nínú ìwé rẹ̀ nípa ejò àti dírágónì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1640 lẹ́yìn ikú rẹ̀: basilisk tí ó wà níbẹ̀ ní ìpẹ́ lára, ó dé adé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́jọ.

Ẹsẹ̀ mẹ́jọ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé òun náà ni a bá nínú géèmù. Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974, ní basilisk àti cockatrice láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì sọ wọ́n di ẹranko méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Basilisk wá di ẹran afàyàfà tó wúwo, tí ń fi ẹsẹ̀ mẹ́jọ rìn jẹ́jẹ́. Cockatrice di ohun kékeré bí adìyẹ tí ń fò. Ìyàsọ́tọ̀ yìí, tí ìtàn àtijọ́ kò ṣe, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ géèmù tó tẹ̀ lé e gbà. Dark Souls ti ọdún 2011 ni ó yapa jù lọ. Basilisk tirẹ̀ jọ ọ̀pọ̀lọ́ ńlá tí ojú bọ̀ǹbọ̀ méjì wú sókè lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú yẹn kì í ṣe ojú. Ojú rẹ̀ gan-an kéré, ó wà nísàlẹ̀, nítòsí ẹnu.

Ní ti alángbá gidi, Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó fún ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ní orúkọ, ni ó fún un ní orúkọ ejò àtijọ́ náà ní ọdún 1758, onímọ̀ mìíràn, Laurenti, sì fi orúkọ kan náà dá ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1768. Ẹ̀yà mẹ́rin ni ó wà nínú ìdílé náà. Wọ́n tàn ká láti Mẹ́síkò títí dé àríwá ìwọ̀-oòrùn Gúúsù Amẹ́ríkà, létí odò àti nínú igbó tó lọ́rinrin. Akọ ni ó ní awọ pẹlẹbẹ tó yọ sókè lórí bí adé, òun sì ni Linnaeus rí tí ó fi rántí ọba kékeré. Èyí tí ó lẹ́wà jù nínú wọn ni aláwọ̀ ewé, tí awọ rẹ̀ yọ sókè lórí, lẹ́yìn àti nídìí ìrù. Gígùn rẹ̀ lè tó sẹ̀ǹtímítà 90 láti imú dé ìpẹ̀kun ìrù, ṣùgbọ́n ìrù ni ó kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Bí ó ṣe ń pani

Ibí ni àṣìyàn ti pọ̀ jù, nítorí náà n ó dúró díẹ̀ lórí rẹ̀.

Basilisk ti Pliny kò sọ ẹnikẹ́ni di òkúta. Ó ń pani ni. Èémí rẹ̀ a máa pa igbó kékeré, a máa jó koríko, a sì máa fọ́ òkúta. Pliny ní wọ́n gbà gbọ́ pé ẹlẹ́ṣin kan fi ọ̀kọ̀ gún un pa nígbà kan, tí oró náà gba ara igi ọ̀kọ̀ gòkè, tí ó pa ẹlẹ́ṣin, tí ó sì pa ẹṣin pẹ̀lú. Akéwì Lucan, tí ìwé rẹ̀ ṣáájú ti Pliny díẹ̀, sọ irú rẹ̀ nípa ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Murrus nínú aginjù Líbíà: bí ó ti gún basilisk ni ó rí i pé oró ń bọ̀ lórí ọ̀kọ̀, ó fa idà yọ, ó sì gé apá ara rẹ̀ sọnù kí ó tó dé àyà. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí a kọ nípa ẹranko yìí, nítorí pé ó fi hàn pé ohun tó ń bani lẹ́rù nínú basilisk àtijọ́ kì í ṣe eyín rẹ̀ tàbí ìtóbi rẹ̀. Pípa á gan-an ni ewu. Ẹni tó ṣẹ́gun pàápàá kì í lọ láìfara pa.

Ìwò rẹ̀ tí ń pani wà nínú ìtàn àtijọ́ náà. Pliny ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹranko mìíràn kan, catoblepas, tí ẹnikẹ́ni tó bá rí ojú rẹ̀ yóò kú, lẹ́yìn náà ni ó fi kún un pé basilisk ní agbára kan náà. Ṣùgbọ́n ikú ni ó sọ, kò dárúkọ òkúta. Sísọ ènìyàn di òkúta, ti Medusa ni nínú ìtàn Gíríìkì. Àwọn tó ṣe géèmù ni ó gbé e fún basilisk ní pẹrẹu. Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ṣe yí padà: ti Pliny ń fọ́ òkúta, ti géèmù ń sọ ènìyàn di òkúta.

Mo gbà pé ìdí tó dára wà fún ìyípadà yìí. Bí akọni kan bá kú lójijì nítorí pé ó ṣèèṣì gbójú sókè, eré ti parí fún ẹni tí ń ṣe é, inú rẹ̀ kò sì ní dùn. Bí ó bá di òkúta, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè gbé e, wọ́n lè wá oògùn, eré a sì tẹ̀ síwájú. Nínú òfin Dungeons & Dragons ti ọdún 2014, ìgbà méjì ni a fún ẹni tí basilisk wò láti ju dáìsì: bí àkọ́kọ́ kò bá dára, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í le, kò ní lè kúrò lójú kan; bí èkejì náà kò bá dára, ó di òkúta títí tí ẹnìkan yóò fi rí idán tó lágbára lò fún un. Ti cockatrice rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹnu ni ó fi ń buni jẹ, òkúta rẹ̀ kì í sì kọjá wákàtí 24. Nínú Dark Souls, èéfín ni basilisk ń tú jáde. Ẹni tí ó bá pẹ́ nínú rẹ̀ á kú, nígbà tí ó bá sì jíǹde, ìdajì ẹ̀mí rẹ̀ ni yóò kù fún un títí yóò fi wo ègún náà sàn. Èéfín yẹn, láìka ìrísí ọ̀pọ̀lọ́ sí, sún mọ́ èémí tí Pliny sọ ju ìwò inú ọ̀pọ̀ géèmù lọ. Bákan náà ni káàdì Magic: The Gathering ti ọdún 1993, níbi tí ẹ̀dá tí ó bá dojú kọ basilisk ti ń kú ní òpin ìjà, láìka bí ó ti wù kí ó tóbi tó.

Alángbá kì í pani. Kòkòrò, òdòdó, èso àti àwọn ẹranko kéékèèké ni oúnjẹ rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹ́gun rẹ̀

Nínú Pliny, ẹranko ajẹran kékeré kan tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní weasel, ni apá rẹ̀ ká basilisk. Wọn a ju basilisk sínú ihò rẹ̀, òórùn ẹranko náà á pa á, ẹranko náà á sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Aelian, tí ó kọ ìwé lẹ́yìn Pliny, ní ẹ̀rù àkùkọ ń ba basilisk, ìdí nìyẹn tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń mú àkùkọ dání bí wọ́n bá ń la Líbíà kọjá. Dígí ni ó dé kẹ́yìn, nínú ìtàn àwọn ará Yúróòpù: wọn a gbé dígí síwájú rẹ̀ kí ìwò ara rẹ̀ lè pa á, bí àwọn ará Warsaw ní Pólàǹdì ṣe ń sọ nípa basilisk tí ó fara pamọ́ sí abẹ́ ilé kan ní ìlú wọn. Dígí yìí dé inú géèmù. Nínú òfin ọdún 2014 tí mo mẹ́nu bà, bí basilisk bá rí àwòrán ara rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, yóò rò pé basilisk mìíràn ni, yóò sì dojú ìwò rẹ̀ kọ ara rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó wù mí jù nínú géèmù ni ti NetHack, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1987. Kò sí àwòrán níbẹ̀. Lẹ́tà “c” aláwọ̀ ìyeyè ni ó dúró fún cockatrice lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ lásán lù ú di òkúta lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ìbọ̀wọ́ lè gbé òkú rẹ̀ bí ohun ìjà, kí ó máa fi sọ àwọn ọ̀tá di òkúta, ṣùgbọ́n bí ó bá já sínú kòtò pẹ̀lú òkú náà lọ́wọ́, ara rẹ̀ á kàn án, òun náà á di òkúta. Àwọn tó ṣe eré yìí lóye ohun tí Lucan lóye: ewu ohun náà kò parí nígbà tí ó kú. Bí ara ẹnìkan bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í di òkúta díẹ̀díẹ̀, òkú alángbá ni ó lè jẹ kí ó fi sàn.

Ẹyin àkùkọ

Ìtàn ìbí basilisk kò sí nínú Pliny, kò sì sí ohun tó jọ ọ́ nínú ti alángbá. Ti Yúróòpù ni pátápátá. Wọ́n ní àkùkọ tó ti darúgbó á yé ẹyin, ọ̀pọ̀lọ́ tàbí ejò á sàba lé e, ohun tí yóò sì jáde níbẹ̀ ni basilisk. Albertus Magnus, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì ní ọ̀rúndún kẹtàlá, kọ̀ láti gba ọ̀rọ̀ ẹyin yìí gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kò gbọ́ tirẹ̀. Ní Basel ní Switzerland, ní ọdún 1474, wọ́n gbé àkùkọ kan lọ sí ilé ẹjọ́ pé ó yé ẹyin, wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì sun ún níná pẹ̀lú ẹyin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìlú yìí kan náà ni ó fi basilisk ṣe ẹ̀ṣọ́ àmì ìlú, ère rẹ̀ sì wà lára àwọn ẹ̀rọ omi ojú pópó níbẹ̀ títí di òní.

Ohun kan wà tí ó lè fa irú ẹjọ́ yìí láìsí àjẹ́ níbẹ̀. Apá òsì nìkan ni ilé ẹyin ti ń ṣiṣẹ́ lára adìyẹ. Bí àìsàn bá ba ti òsì jẹ́, ti ọ̀tún tí kò dàgbà tẹ́lẹ̀ lè yí padà, kí ó máa tú èròjà akọ sínú ara, adìyẹ náà á sì yọ ogbe ńlá, á yọ ìka akọ lẹ́yìn ẹsẹ̀, á máa kọ bí àkùkọ. Ẹni tí ó rí ẹyin níwájú irú adìyẹ bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Òye ohun tí ó rí ni kò sí nígbà náà.

Alángbá tí ń sáré lórí omi

Ìdí tí mo fi gbà pé alángbá yìí yẹ kí ó ní ààyè tirẹ̀, kí a má fi ṣe àpèjúwe ejò Líbíà, ni pé ìyanu tirẹ̀ jẹ́ òtítọ́, a sì ti wọ̀n ọ́n. Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ méjì, Glasheen àti McMahon, tẹ àlàyé jáde nípa bí ó ṣe ń ṣe é. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà létí wọn tí ó ń ṣí bí ẹsẹ̀ bá kan omi. Ó á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbá ojú omi, lẹ́yìn náà ni yóò ti ẹsẹ̀ náà wọlé, tí omi á fi ṣí sílẹ̀ bí ihò tó kún fún afẹ́fẹ́. Yóò sì yọ ẹsẹ̀ náà kúrò nínú ihò ọ̀hún kí omi tó pa dé. Ìyára rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 1.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Èyí tó kéré ni ó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ọmọ alángbá tó wọ̀n tó gíráàmù 2 lè mú agbára jáde tó ju ìlọ́po méjì èyí tí ó nílò láti gbé ara rẹ̀ dúró lórí omi. Àgbà tó wọ̀n tó gíráàmù 200 kò fi bẹ́ẹ̀ ní ju èyí tó tó o lọ. Àwọn onímọ̀ náà ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn tó wọ̀n tó kílógíráàmù 80 yóò ní láti sáré tó nǹkan bíi mítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí iṣan ara ènìyàn kò lè gbé. Àwọn ará Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ń pè é ní alángbá Jésù Kírísítì, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro fún ẹni tó mọ ìtàn Òkun Gálílì.

Èwo ni kí ẹ yàn?

Bí ìtàn ni ẹ ń kọ, tí ẹ fẹ́ ìbẹ̀rù tó jinlẹ̀, ejò Pliny ni kí ẹ mú, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kéré. Àwọn tí ó sọ ọ́ di ejò gbàǹgbà ti sọ ọ́ di òjòlá lásán. Ẹ lo koríko tó jó, igbó tó gbẹ, àti ọ̀kọ̀ tí oró ń gòkè lórí rẹ̀. Ó tún ní àǹfààní mìíràn fún òǹkàwé Yorùbá tó mọ Sáàmù 91: níbi tí Bíbélì wa ti sọ pé ìwọ yóò kọjá lórí kìnnìún àti paramọ́lẹ̀, basilisk ni ó wà ní ipò paramọ́lẹ̀ nínú Bíbélì èdè Látìn tí Yúróòpù lò fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Èyí tó ní orí àkùkọ dára fún ìtàn ìlú, ilé ẹjọ́ àti abẹ́ ilé, pàápàá bí ẹ bá fẹ́ kí ìbẹ̀rù àwọn ará ìlú ṣe jàǹbá ju ẹranko fúnra rẹ̀ lọ.

Bí géèmù ni, ẹ wo agbára àwọn tí yóò ṣe é. Cockatrice ni kí ẹ fi ṣáájú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé nínú òfin Dungeons & Dragons ti ọdún 2014, ìdajì ni ìwọ̀n ìṣòro tí wọ́n fún un níbi tí ti basilisk ti jẹ́ 3, òkúta rẹ̀ sì ń tú fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kí ẹ tó gbé basilisk jáde, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ère ènìyàn tí ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ẹ sì fi dígí sí ibì kan tí ẹni tó bá fara balẹ̀ wá a yóò rí. Láìsí àmì ìkìlọ̀ àti ọ̀nà àbáyọ, ìyà ni ẹ fi ń jẹ àwọn tí ń ṣeré.

Bí ọmọ ilé-ìwé ni ẹ ń kọ́, alángbá ni, kò sí èyí tó sún mọ́ ọn. Ẹ fi alángbá ara ògiri tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ tó fi fídíò èyí tí ń sáré lórí omi hàn wọ́n. Ìtàn Pliny lè tẹ̀ lé e, kí wọ́n lè mọ ibi tí orúkọ náà ti wá, ṣùgbọ́n kí ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ṣáájú.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní gúúsù Florida lè rí ọ̀kan nínú ẹ̀yà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, aláwọ̀ ilẹ̀, létí odò tí wọ́n gbẹ́, níbi tí àwọn ènìyàn mú un dé tí ó sì ti ń bí sí i. Ẹni tó bá wù láti mú un sílé kí ó rò ó dáadáa. Ẹranko tí ẹ̀rù tètè ń bà ni. Bí ó bá rí ènìyàn lójijì nínú àgò gíláàsì, yóò sáré bí ẹni pé omi ni ó wà níwájú rẹ̀, yóò sì fi imú gbá gíláàsì náà léraléra títí imú náà yóò fi bó.